Igun Bébà, Igun Fọ́tò

Bí èèyàn bá gba Ṣómólú kọjá lọ́jọ́ iṣẹ́, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni yóò máa bá a lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ará Abúlé Òkúta ò ní láti rìn jìnnà kó tó kàn wọ́n: ní Fọlá Àgóró, ní Ṣípẹ́olú, ní àwọn àdúgbò tó so wọ́n pọ̀, ẹni tó ń gé bébà fẹ̀gbẹ́ kan ẹni tó ń ṣe pílétì, ọmọ iṣẹ́ ru káàdì ìgbéyàwó sórí, Márúwá gbé kálẹ́ńdà ìsìnkú lọ fún ẹni tó sanwó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí Èkó ń kà, tó ń fi pe èèyàn síbi ìnáwó, tó ń gbé kọ́ ògiri, ibẹ̀ ló ti jáde.

Wo ọ̀pẹ́rétọ̀ tó mọṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Bí bébà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, á fa ọ̀kan yọ, á tẹ́ ẹ sábẹ́ iná, á yọ lúùpù, awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá, lápò, á sì gbé e lé igun bébà náà. Kò wo ojú olóògbé tó wà láàárín kálẹ́ńdà o. Igun ló ń wò. Àmì àgbélébùú tín-ín-rín kan wà níbẹ̀, tí pílétì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti búlúù, ti pupa, ti yẹ́lò àti ti dúdú, gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra wọn lórí láìyẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, ìlà náà á yọ pupa lápá kan, á yọ búlúù lápá kejì. Ọ̀pẹ́rétọ̀ á ní rẹ́jísítà ò tíì bára mu, á padà sídìí ẹ̀rọ. Ìdí tó fi ń wo igun ò le: bí bébà bá yí díẹ̀, tàbí tí omi inú ẹ̀rọ bá mú un fẹ̀, àárín lè má mọ̀ ọ́n lára rárá. Igun ni yóò kọ́kọ́ tú àṣírí.

Nítorí àwọn tó ń ya fọ́tò ni mo ṣe ń sọ èyí. Nígbà tí àwọn tó mọ̀ nípa lẹ́ńsì wáìdì, ìyẹn lẹ́ńsì tó ń kó ibi gbígbòòrò wọ inú fọ́tò, bá ń fi ọ̀kan wé èkejì, tí wọ́n ń jiyàn lórí èyí tó mú jù, igun fọ́tò ni wọ́n ń bá kiri. Ẹni tí kò bá mọ̀dí rẹ̀ á rò pé iṣẹ́ ò tó wọn í ṣe ni. Ta ló ń wo igun fọ́tò? Ọ̀pẹ́rétọ̀ Ṣómólú ò ní bi wọ́n ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Kí ló ń mú onífọ́tò Bàrígà ra lẹ́ńsì wáìdì gan-an? Àyè ni. Wọ́n ti ta kánópì dí títì, gọ́tà wà lẹ́yìn, ògiri fẹ́ǹsì wà níwájú. Ìyá ìyàwó ti kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, aṣọ ẹbí ti tò, wọ́n ní, “Gbogbo wa ni o! Má yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ o!” Ayàwòrán fẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri, kò sì ju mítà mẹ́ta lọ tó kù láàárín òun àti àwọn màmá náà. Bí kámẹ́rà rẹ̀ bá jẹ́ full-frame, tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 36, lẹ́ńsì 50mm á gba nǹkan tí kò ju mítà 2.16 lọ ní fífẹ̀: màmá mẹ́rin tó fún ara wọn pọ̀, ká má sì tíì ka gèlè. Lẹ́ńsì 35mm á gba mítà mẹ́ta àti díẹ̀. Lẹ́ńsì 24mm á gba mítà mẹ́rin ààbọ̀, ìyẹn èèyàn mẹ́sàn-án lórí ìlà kan. 16mm á gba mítà 6.75, á sì kó kúlà àti àga tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ rí mọ́ ọn.

Àwọn ayàwòrán àtijọ́ ò ní irú wàhálà yìí. Ní 1978, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn African Arts nípa bí àwa Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò. Ó ṣàpèjúwe fọ́tò àgbà tí gbogbo wa mọ̀: ẹni iyì kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, ọwọ́ wà lórí orúnkún, ẹsẹ̀ ya kí agbádá lè tẹ́ dáadáa, ara rẹ̀ látòkè délẹ̀ wà láàárín fọ́tò. J.D. 'Okhai Ojeikere, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, tó sì papò dà ní 2014, orí náà ló gbé sáàárín. Àfi ògiri tàbí aṣọ ẹ̀yìn ló wà nígun. Ta ló fẹ́ mọ̀ bóyá ògiri mú tàbí kò mú? Ìgbà tí èèyàn mẹ́sàn-án bẹ̀rẹ̀ sí í tò lórí ìlà kan nínú títì tóóró ni igun di ibi tí ojú èèyàn wà. Ẹni tó sì máa ń wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó tó pẹ́ dé ni, tó sì jẹ́ pé òun ló máa kọ́kọ́ béèrè fọ́tò tirẹ̀.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lẹ́ńsì tí kò mú láàárín. Bí o bá ti dín ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé kù dé f/5.6, àárín fọ́tò lẹ́ńsì olówó pọ́ọ́kú àti ti olówó gegere á jọra débi pé ojú lásán ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Igun lo ń sanwó fún. Ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ sí àárín ń gba inú dígí kọjá tààrà, ṣùgbọ́n èyí tó ń lọ sí igun ń wọlé ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú lẹ́ńsì 24mm, ìdàgẹ̀rẹ̀ náà tó dígíríì 42. Ní 1857, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Jámánì kan, Ludwig Seidel, ṣàlàyé àbùkù márùn-ún tí dígí lẹ́ńsì máa ń ní. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló ń yọ àárín lẹ́nu. Mẹ́rin yòókù, bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe dà gẹ̀rẹ̀ tó ni wọ́n ṣe ń le tó.

Àbùkù kan tún wà tó jẹ́ ti àwọ̀, èyí tí ọ̀pẹ́rétọ̀ á dá mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́ńsì kì í tẹ àwọ̀ gbogbo ní ìwọ̀n kan náà. Àwòrán búlúù lè fi bíńtín tóbi ju ti pupa lọ, kí wọ́n jókòó léra wọn láàárín, kí wọ́n sì máa yà fúnra wọn bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ etí. Nígbà tí wọ́n bá dé igun, etí gèlè funfun á ti yọ àlùkò lápá kan, á yọ ewé lápá kejì. Rẹ́jísítà tó yẹ̀ ni, kò yàtọ̀. Inú mi dùn láti sọ pé èyí ló rọrùn jù láti tún ṣe: kọ̀ǹpútà á sún àwòrán búlúù kéré díẹ̀ títí á fi bá pupa dọ́gba, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà òde òní sì ń ṣe é fúnra wọn kí fọ́tò tó dé ojú rẹ. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní kí o má ra lẹ́ńsì kan torí àlùkò etí rẹ̀, má dá a lóhùn.

Èyí tí kọ̀ǹpútà ò lè tún ṣe ló yẹ kó dùn wá. Ojú ibi tí lẹ́ńsì ti ń mú kì í fi gbogbo ìgbà tẹ́ pẹrẹsẹ. Nínú ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì wáìdì, ó ń tẹ̀ kọrọdọ, ìkángun rẹ̀ sì máa ń tẹ̀ wá sọ́dọ̀ kámẹ́rà. Àwọn màmá mẹ́sàn-án tò lórí ìlà gbọọrọ, fókọ́ọ̀sì wà lójú ìyàwó láàárín, àwọn méjì tó wà ní ìkángun sì ti bọ́ sẹ́yìn ibi tó mú láì sún kúrò lójú kan. Ayàwòrán tó gbọ́n á ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹsẹ̀ kan súnwájú,” ní ọ̀tún àti ní òsì. Ìrìn ẹsẹ̀ kan yẹn lè ṣe ohun tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà ò lè ṣe.

Òkùnkùn igun náà wà. Bí lẹ́ńsì 24mm bá jẹ́ oríṣi tó rọrùn jù, ìmọ́lẹ̀ tó máa dé igun ò ní ju nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ti àárín lọ. Àwọn tó ń kọ́ lẹ́ńsì ń sapá láti gbé e sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ má fi ojú tó fẹ̀ pe àìmú. Pẹ̀lú lẹ́ńsì 24mm tí kò ní àbùkù kankan, orí tó bá wà létí fọ́tò yóò fẹ̀ ní ìdá mẹ́rin kan ju bó ṣe ga lọ. Ìṣirò igun mẹ́ta ló sọ bẹ́ẹ̀, owó kankan ò sì lè rà á kúrò. Bí àǹtí bá bínú pé o sọ òun di ẹni tó sanra, kì í ṣe ẹjọ́ lẹ́ńsì, ẹjọ́ ibi tí o gbé e sí ni.

Ìdí mìíràn wà tí lẹ́ńsì wáìdì fi ṣòro kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú kámẹ́rà SLR, dígí kan dúró láàárín lẹ́ńsì àti fíìmù, òun ló ń gbé ohun tí lẹ́ńsì rí wá sójú ayàwòrán, ó sì nílò àyè láti gbéra. Láti ìgbà tí Nikon F ti jáde ní 1959, mìlímítà 46.5 ló wà láàárín ẹnu kámẹ́rà náà àti fíìmù. Ti Canon EF jẹ́ 44. Báwo ni lẹ́ńsì 20mm ṣe fẹ́ dúró jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kó sì ṣiṣẹ́? Ọmọ Faransé kan, Pierre Angénieux, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí ọgbọ́n ta sí i. Ní 1950 ó gbé lẹ́ńsì 35mm kan jáde tó pè ní Retrofocus, ó fi dígí ńlá tó ń tú ìmọ́lẹ̀ ká síwájú, ó sì fi èyí tó ń kó o jọ sẹ́yìn. Ọgbọ́n náà gbé àyè fún dígí kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ó ba nǹkan kan jẹ́. Nínú lẹ́ńsì tí ìdajì iwájú àti ìdajì ẹ̀yìn rẹ̀ jọra, àbùkù apá kan ń pa ti apá kejì rẹ́. Irú èyí ni Biogon 21mm tí Ludwig Bertele yà fún Zeiss, tó jáde ní 1954, tí dígí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fíìmù. Bí iwájú bá ti yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó ń pa àbùkù ẹnì kejì rẹ́ mọ́; àfi kí wọ́n máa fi dígí kún dígí, kí lẹ́ńsì máa wúwo, kí owó rẹ̀ máa lọ sókè.

Nígbà tí kámẹ́rà mirrorless dé, dígí ìdènà kúrò lọ́nà. Nikon Z, tó jáde ní 2018, mìlímítà 16 péré ló fi sílẹ̀. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́ńsì Nikon 14-24mm f/2.8 tó jáde ní 2007, tí gbogbo ayé yìn torí igun rẹ̀, wúwo tó nǹkan bíi kílò kan. Irú rẹ̀ kan náà fún Nikon Z, tó jáde ní 2020, jẹ́ gíráàmù 650, igun rẹ̀ sì tún mú ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Ti Canon ni mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ èèyàn lọ́gbọ́n. Ní 2007 wọ́n gbé 16-35mm f/2.8 II jáde, lẹ́ńsì ọ̀gá, olówó ńlá, tí òrùka pupa wà lẹ́nu rẹ̀. Ní 2014 wọ́n gbé 16-35mm f/4 jáde, owó rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́. Àwọn tó dán méjèèjì wò rí i pé igun f/4 yìí mú ju ti f/2.8 náà lọ, kódà bí wọ́n bá dín ihò méjèèjì sí ìwọ̀n kan náà. Ọdún 2016 ni Canon tó wá ṣe f/2.8 III tó gba iyì padà. Ẹni tó ra f/2.8 II torí pé nọ́ńbà rẹ̀ kéré, ìyẹn ni pé ihò rẹ̀ lè fẹ̀ jù, ti sanwó ìmọ́lẹ̀, kò sanwó igun.

Àwọn ilé-iṣẹ́ lẹ́ńsì máa ń tẹ àwòrán ìlà kan jáde tí wọ́n ń pè ní MTF. Ará Ṣómólú lè kà á, torí ẹni tó bá ń tẹ ìwé aláwọ̀ mọ ohun tí ìlà 150 nínú íǹṣì kan túmọ̀ sí; ó jẹ́ nǹkan bí ìlà mẹ́fà nínú mìlímítà kan. MTF ń béèrè pé bí a bá to ìlà dúdú àti funfun 10 sínú mìlímítà kan lórí sẹ́ńsọ̀, báwo ni dúdú yóò ṣe dúdú tó, tí funfun yóò sì funfun tó? Lẹ́yìn náà, wọ́n á béèrè bákan náà lórí ìlà 30. Apá òsì àwòrán náà ni àárín fọ́tò, apá ọ̀tún ni igun, mìlímítà 21.6 sí àárín. Bí ìlà bá tẹ́ gbọọrọ lókè dé ọ̀tún, ó dára. Bó bá já wálẹ̀ kó tó débẹ̀, o ti mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n bàbá yóò ti bàìbàì. Ṣọ́ra o: ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń fi ìṣirò kọ̀ǹpútà ya ìlà yìí, wọn ò wọn lẹ́ńsì kankan. Zeiss jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń wọn lẹ́ńsì gidi. Kò sì sí ìlà MTF tó lè sọ fún ọ pé ẹni tó ta lẹ́ńsì yìí fún ọ ti jẹ́ kó já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyẹn ló fi yẹ kí o dán tìrẹ wò fúnra rẹ. Kò gba owó. Lọ sí ilé ìtẹ̀wé èyíkéyìí, tọrọ wéésì, bébà tó bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ń wá rẹ́jísítà, èyí tí lẹ́tà wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀. Lẹ márùn-ún mọ́ ògiri tó tẹ́: ọ̀kan láàárín, mẹ́rin sí àwọn igun ohun tí lẹ́ńsì rẹ ń rí. Gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Kí o lè mọ̀ pé kámẹ́rà kọjú sí ògiri gan-an, lẹ dígí kékeré mọ́ àárín ògiri náà fún ìgbà díẹ̀. Bí o bá ti rí ẹnu lẹ́ńsì rẹ nínú dígí náà, tó sì wà ní àárín fọ́tò gẹ́lẹ́, o ti tọ́. Fi ọwọ́ ṣe fókọ́ọ̀sì, lo táímà kí ọwọ́ rẹ má mì ín, kí o wá yà á ní f/2.8, f/4, f/5.6, f/8 àti f/11. Lẹ́yìn náà, tún fókọ́ọ̀sì ṣe sórí bébà igun, kí o yà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí igun bá mú nígbà yìí, kọrọdọ ni ìṣòro rẹ̀. Lẹ́ńsì náà ò burú.

Bí igun kan bá bàìbàì tí mẹ́ta yòókù mú, má tíì bú lẹ́ńsì. Dojú kámẹ́rà bolẹ̀, kí òkè rẹ̀ di ìsàlẹ̀, kí o tún un yà. Bó bá jẹ́ pé bébà kan náà lórí ògiri ló ṣì bàìbàì, ògiri rẹ ló wọ́. Bó bá jẹ́ pé bàìbàì náà ti sún lọ sí igun òdìkejì lórí ògiri, dígí inú lẹ́ńsì ti yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Lẹ́ńsì tòkunbọ̀ tó bá rí bẹ́ẹ̀, dá a padà.

Ògiri nìkan ò tó, torí lẹ́ńsì wáìdì lè ṣe bákan nítòsí, kó ṣe bákan lọ́nà jíjìn. Lọ sí etí ọ̀sà ní Bàrígà láàárọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, kí afẹ́fẹ́ orí omi tó máa gbọ̀n. Afárá Third Mainland nà síwájú rẹ. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 11.8, láti 1990 ló sì ti wà níbẹ̀. Jẹ́ kó gba inú fọ́tò kọjá láti etí dé etí, kí o wá máa ka òpó iná àti ọ̀pá ìdábùú rẹ̀ láti àárín lọ sí ìkángun. Má ṣe é nígbà ọyẹ́. Kùrukùru ọyẹ́ ni wàá dá lẹ́jọ́, kì í ṣe dígí.

Bí o bá ti dán an wò, wàá rí i pé f/8 ni igun máa ń jí. Àwọn kan á wá rò pé bí f/8 bá dára, f/22 á dára jù. Irọ́ ni. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ihò tóóró kọjá máa ń fọ́n ká, kò sí dígí tó lè dá a dúró. Ní f/8, àmì ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù lórí sẹ́ńsọ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 0.011. Ní f/22, ó ti di 0.03. Píksẹ́lì kámẹ́rà full-frame oní-mẹ́gápíksẹ́lì 24 jẹ́ mìlímítà 0.006, nítorí náà àmì kan á fẹ̀ tó píksẹ́lì márùn-ún. Lẹ́ńsì tó wọ́n jù lágbàáyé àti èyí tí owó rẹ̀ kéré jù á di ọ̀kan náà ní f/22: méjèèjì á bàìbàì pọ̀.

Kó o tó náwó, bi ara rẹ pé níbo ni fọ́tò náà ń lọ. Fọ́tò tó ń lọ sórí WhatsApp, tí wọ́n ń wò lórí fóònù tí kò fẹ̀ ju ìka mẹ́rin lọ, kò sí igun lẹ́ńsì kankan tó máa tú àṣírí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá di kálẹ́ńdà A3, fọ́tò náà ti tóbi ní ìlọ́po 11.7 ju bó ṣe wà lórí sẹ́ńsọ̀. Ìlà 30 inú MTF yẹn á wá di nǹkan bí ìlà 2.6 nínú mìlímítà kan lórí bébà, èyí tí ojú tó dáa lè rí kedere. Èyí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ń ya fọ́tò fún Status àti ẹni tó ń ya fọ́tò fún Ṣómólú.

Bí iṣẹ́ rẹ bá jẹ́ ayẹyẹ ọ̀sán lábẹ́ kánópì, ìmọ̀ràn mi ni pé kí o ra wáìdì f/4 tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, kí o yà á ní f/8, kí o fi ààyè ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì kí ojú ẹnikẹ́ni má kan etí fọ́tò. Bó bá jẹ́ gbọ̀ngàn òru ni, tí wọn ò sì jẹ́ kí o tan filáàṣì, f/2.8 á wúlò fún ọ. Ya àwọn èèyàn náà ní ọ̀wọ́ kéékèèké, kí gbogbo wọn lè wà nítòsí àárín. Tí o bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, gbé kámẹ́rà tìrẹ dání lọ. Ẹni tó bá ń tà á tí kò gbà kí o dán igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lójú rẹ̀, fi owó rẹ sápò, kí o máa bá tìrẹ lọ.